Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Alhaji Ọlágúnjú Lórúkọ

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Ìlọrin, tí ẹ kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ẹ sì dé Òmù-Àrán, ẹ kò ní í bèèrè ọ́fíìsì Alhaji Abdulkadir Ọlágúnjú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pátákó rẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. Pátákó náà tóbi ju ọ́fíìsì lọ. Àwòrán Alhaji ló wà lórí rẹ̀, ó na ìka sí ojú ọ̀run bí ẹni pé òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ ayé pa mọ́ sí. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ oyè rẹ̀ sí: Ààrẹ Àgbà, Olùdásílẹ̀, Olùdámọ̀ràn Pàtàkì àti Àwòkọ́ṣe fún Gbogbo Ọ̀dọ́, Àjọ Ìwáṣẹ́ Orí Ayélujára. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ó yẹ kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí, àyè ti tán.

Àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ní Èkó ló dá Àjọ náà sílẹ̀ ní tòótọ́. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé ìwé mọ bí a ṣe ń fi ara ẹni hàn lórí Fésíbúùkù àti lórí Wásáàpù, kí wọ́n sì mọ àwọn tó lè fún wọn níṣẹ́. Alhaji ni wọ́n fi ṣe alábòójútó. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ kò ju pátákó yẹn lọ.

Ọjọ́ Ajé ni ó máa ń kọ́ wọn. Yóò dúró níwájú wọn nínú agbádá funfun, irun orí rẹ̀ tí ó ń pa láró yóò máa dán bí ẹ̀yìn ìkòkò tuntun.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí!" ni yóò wí. "Kí ni iṣẹ́? Iṣẹ́ ni pé kí wọ́n mọ̀ ọ́. Kí sì ni kí wọ́n mọ̀ ọ́? Ìyẹn ni pé kí wọ́n rí ọ. Ta ni wọ́n wá ń rí jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà? Ẹ má dáhùn. Ẹ wo iwájú yín."

Àwọn ọ̀dọ́ yóò pàtẹ́wọ́ kíkankíkan. Ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn, ṣùgbọ́n fáànù ọ́fíìsì ti bàjẹ́, àtẹ́wọ́ sì máa ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ síni lójú.

Òfin wà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé àwòrán Alhaji sí ojú ewé tirẹ̀, kí ó sì yìn ín. Ohunkóhun tí Alhaji bá sì gbé sórí Wásáàpù Àjọ, gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fèsì kíákíá pé: "Iṣẹ́ ńlá, Alhaji wa!" Ẹni tí kò bá fèsì, Bashir akọ̀wé yóò yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ kan, Alhaji ṣèèṣì fi àwòrán ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá, Alhaji wa! Eyín ro ó, ó kéde rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá, Alhaji wa! Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ kú, tí ó fi ìròyìn náà síbẹ̀ tẹkún-tẹkún, iṣẹ́ ńlá, Alhaji wa, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máa bèèrè pé ta ló ti rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ti rí i: Bashir. Iṣẹ́ yíyọ àwọn yòókù kúrò ni wọ́n fún un.

Ní àsìkò yìí ni ìròyìn dé láti Ìlọrin pé wọ́n ń wá olùdarí àgbà tí yóò máa bójú tó irú ètò bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Mọ́tò wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀. Alhaji fẹ́ ipò náà débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí apá ọ̀tún ibùsùn, nítorí ó gbọ́ pé ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni àwọn ọ̀gá máa ń jókòó sí nínú mọ́tò. Wosilat ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀ lápá òsì.

Alhaja Suliat, ìyá kan tó ń darí ìgbìmọ̀ àwọn ará Ìlọrin, ló pè é lórí fóònù.

"Alhaji, a ó wá kí yín ní Òmù-Àrán ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A ó kọ́kọ́ wo ojú ewé yín. Ẹni tí ẹ jẹ́ ni a fẹ́ mọ̀: ọmọ ta ni yín, kí ni ẹ ti ṣe?"

Alhaji kò gbọ́ ìbéèrè kejì rárá. Èyí àkọ́kọ́ ti gbé ọkàn rẹ̀ lọ. Ọmọ ta ni?

Inú ilé Asáfójò ni wọ́n bí i sí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ki àwọn ará ilé náà:

Ọmọ asáfójò má ṣubú,
ọmọ òjò ṣú, baba wọn ò jókòó,
ó kó iṣu ìlú wọlé kó tó kan ilẹ̀.

Wọ́n ní baba ńlá wọn ló ṣe é. Gbogbo ìlú pé jọ síbi ìjàkadì, òjò ṣú, kò sì sí ẹni tó rántí iṣu tó ń gbẹ lórí àpáta. Bàbá yìí nìkan ló sáré. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n, iṣu yẹn ni ìlú jẹ. Oríkì tó dára ni, bí ẹ bá bi mí. Ìyá Alhaji ló máa ń fi í jí i ní kékeré, kí ìyá náà tó sun oorun tí kò sí ẹni tó lè jí i níbẹ̀. Wosilat náà ń fi kì í nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, títí Alhaji fi ní kó dákẹ́. "Aṣáájú ni mí," ni ó wí. "Má fi eré sísá ki aṣáájú."

Ti ilé Awóyẹmí, ilé tí wọ́n bí Wosilat sí, ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ilé, kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́:

Ọmọ afi-orí-ẹkùn-ṣe-tìmùtìmù,
ọmọ abúramúramù kí ogun tú ká.

Ó rí ara rẹ̀ lọ́kàn tí wọ́n ń kì í báyìí nínú mọ́tò ọ̀gá, lápá ọ̀tún! Alhaji pe Jannat. Ọmọbìnrin yìí ti jáde ilé ìwé tipẹ́, ó ń wá iṣẹ́ títí bàtà rẹ̀ fi jẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn.

"Jannat, o ní ohùn."

"Ẹ ṣé, sà."

"Mo fẹ́ fún ọ láǹfààní."

"Iṣẹ́ ni, sà?"

"Ó ju iṣẹ́ lọ. Màá jẹ́ kí o kì mí nínú fídíò." Ó sọ oríkì náà fún un.

Jannat wo ilẹ̀. "Alhaji, ẹ má bínú o. Ṣé ilé Awóyẹmí kọ́ ni ilé àna yín?"

"Lórí ayélujára, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé nǹkan sókè ló ni ín. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá kù tí o máa sọ?"

"Iṣẹ́ ńlá, Alhaji wa."

Fídíò náà jáde ní Ọjọ́bọ̀. Ó dára o! Alhaji wà lórí ẹṣin, ẹni tó ni ẹṣin náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, wọ́n ti gé e kù ní apá kan. Alhaji dúró láàárín àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́, wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Èmi àti àwọn baba ńlá mi. Ní gbogbo àyíká ibẹ̀, àwọn ère yẹn nìkan ni kò fèsì pé iṣẹ́ ńlá. Ohùn Jannat ń ròkè, ó ń rodò, ẹkùn ń bú, ogun ń tú ká. Ní ìparí, Alhaji fúnra rẹ̀ wo ojú ayé, ó sì wí pé, "Èmi ni ọmọ bíbí ilé Awóyẹmí!"

Fídíò lọ sí Èkó, ó yí padà wá sílé, ó sì wọ inú fóònù ọmọ-ọmọ Bàbá Adéoyè, olórí ẹbí ilé Awóyẹmí. Bàbá Adéoyè gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n tún jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ó ránṣẹ́ pe Wosilat, ọmọ àbúrò rẹ̀.

"Wosilat, o ti gbọ́ pé ọkọ rẹ ti di ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Mo bá a sọ ọ́. Ó ní mi ò mọ ayélujára."

"Nínú ilé yìí, a kì í fẹ́ ara wa. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá. Kí wá ni ká ṣe?"

Bàbá Adéoyè rò ó, ó rò ó, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti ikùn. "Ẹ̀gbọ́n kọ́. Kò sí níbí lánàá, ó wá wà lónìí. Ọmọ tuntun ni! Ìgbà wo ló bí ara rẹ̀?"

"Ọjọ́bọ̀ ni fídíò náà jáde."

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ló pé ọjọ́ kẹjọ. Ẹ wá àgbò. Ẹ wá onígbàjámọ̀. Ẹ sọ fún Alfa Muaz pé a bímọ."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ náà pé, àwọn ará Ìlọrin ti jókòó sínú ọ́fíìsì Alhaji láti àárọ̀. Bashir ti gbé fóònù ka orí igi onẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fídíò láìfù ń lọ, kí gbogbo ayé lè máa wo Alhaji bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ti ń rọ́ wọlé kí ó tó la ẹnu.

Alhaja Suliat kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Alhaji, ẹni mélòó ló ti rí iṣẹ́ nípasẹ̀ Àjọ yìí?"

Alhaji dìde. Ó tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká. "Alhaja, mo kí yín. Mo kí òpópónà tí ẹ gbà wá. Ẹ bèèrè iye. Kí ni iye? Ṣé a lè ka òjò? Ṣé a lè ka ìràwọ̀? Bí mo bá ní kí n máa ka àwọn tí mo ti tan ìmọ́lẹ̀ sí..."

Orin ló gé e lẹ́nu. Ariwo ń bọ̀ láti òpópónà, ìlù pẹ́pẹ́ ń dún, àwọn obìnrin ń kọrin, àgbò kan sì ń ké láàárín wọn. Alhaji yọjú lójú fèrèsé, ó rí gbogbo ilé Awóyẹmí, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ wò ó, Alhaja," ni ó wí jẹ́jẹ́. "N kò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìfẹ́ ló gbé wọn dìde."

Wọ́n wọlé, ọ́fíìsì kún. Àgbò náà ti jókòó sórí etí agbádá Alhaji tó ń wọ́lẹ̀. Bàbá Adéoyè gba àga, ó kí àwọn àlejò. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Ìlọrin. Ẹ bá wa dúpẹ́. Ìkómọ la wá ṣe."

"Ẹ kú oríire, Bàbá," ni Alhaja Suliat wí. "Ta ló bímọ?"

"Àwa náà ò mọ ìyá ọmọ. Ọmọ nìyẹn." Ó na ọ̀pá sí Alhaji.

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Alhaji náà fi agbára rẹ́rìn-ín. "Bàbá wa fẹ́ràn àwàdà."

"Abdulkadir, èmi ò ṣàwàdà. Ìwọ lo sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ṣé ọmọ ilé Awóyẹmí ni ọ́, àbí ọmọ ilé Awóyẹmí kọ́?"

Alhaji wo Alhaja Suliat, tí gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo fóònù, tí ojú rẹ̀ ń tàn. Bí ó bá sẹ́, irọ́ ni fídíò rẹ̀ nìyẹn, ipò Ìlọrin sì lọ. Ó rí mọ́tò náà lọ́kàn rẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún tó ṣí sílẹ̀ dè é.

"Ọmọ yín ni mí, Bàbá," ni ó wí.

"Alhamudulilai!" Àwọn obìnrin hó. "Alfa, ó kàn yín," ni Bàbá Adéoyè wí.

Alfa Muaz sún sẹ́yìn. "Èmi ò ní fi ìpè àdúrà ṣeré létí àgbàlagbà o. Mo lè ṣàdúrà lásán. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó tètè gbọ́n."

"Àmín!" ni gbogbo ilé wí, àwọn ará Ìlọrin náà bá wọn ṣe é.

Onígbàjámọ̀ ti tú àpò. Kí Alhaji tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi í jókòó sórí àga, fìlà ti kúrò, omi ti dé orí, abẹ ti ń họ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Irun tó pa láró ń já bọ́ sórí àgbò.

"Bàbá, irun mi!"

"Ọmọ tuntun máa ń ké," ni Bàbá Adéoyè ṣàlàyé fún àwọn àlejò. "Ìyẹn ló fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dáa."

Bashir, tí a ti kọ́ láti máa ka èsì sókè, kò lè pa ẹnu mọ́. "Sà, wọ́n ní iṣẹ́ ńlá. Àwọn ará Èkó náà ti ń wò."

Ìdajì orí ti dán nígbà tí Wosilat wọlé. Báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ inú ogunlọ́gọ̀ náà títí dé iwájú àga ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa Alhaji lórí, níbi tí wọ́n ti fá.

"Àbúrò mi, kú oríire òní o."

"Wosilat, báàgì kí nìyẹn?"

"Ilé bàbá wa ni mò ń lọ. Ìwọ náà rò ó, ṣé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò á máa sùn sórí ibùsùn kan? Gbogbo rẹ̀ ti di tìẹ báyìí, apá ọ̀tún àti apá òsì. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ata pọ̀ nínú rẹ̀, má fún ara rẹ jẹ títí wàá fi héyín."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Wosilat kò rín. Ó yí padà, ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Hamidah àkọ́bí wọn, kò sí ọjọ́ kan tí obìnrin yìí jáde nílé tí kò wẹ̀yìn pé, "Bàbá Hamidah, ó dàbọ̀." Lónìí kò wẹ̀yìn. Alhaji rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lọ, ó rí báàgì tó ń gbá a lẹ́sẹ̀, nǹkan kan sì já nínú rẹ̀ tí kì í ṣe irun.

Ó fò sókè pẹ̀lú ọṣẹ lórí. "Wosilat! Ọkọ rẹ ni mí! Bàbá, àna yín ni mí! Irọ́ ni mo pa! Ọmọ asáfójò ni mí o!"

Ariwo náà dé ojú ọ̀nà Ìlọrin. Lórí fóònù: iṣẹ́ ńlá, Alhaji wa.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Adéoyè wí, ó dìde. "Ọmọ ti ní òun kì í ṣe ọmọ. Ẹ dá àgbò padà."

"Bàbá, orí ńkọ́?" ni onígbàjámọ̀ bèèrè. "Ṣé kí n parí rẹ̀?"

"Fi í sílẹ̀. Ìdajì tiwa, ìdajì tirẹ̀. Àna, nígbà tí o bá mọ èyí tí o fẹ́ jẹ́, o mọ ilé wa."

Alhaja Suliat ti di báàgì rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dunni. "Alhaji, ẹnì kan la wá wò, a bá méjì. Ẹ má wulẹ̀ dáhùn ìbéèrè mi mọ́." Ó wo àyíká. "Ta ló kì yín nínú fídíò yẹn?"

Bashir tọ́ka sí ojú fèrèsé, níbi tí Jannat ti fi ìka di ẹnu.

"Ọmọ, wọlé wá. Ohùn rẹ ni mo gbọ́ tí mo fi wo fídíò yẹn dópin. A ń wá ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún wa lórí rédíò. Ṣé wàá lè bá wa lọ?"

Jannat dúpẹ́ títí omijé fi bọ́. Nígbà tí ó dé ẹ̀gbẹ́ Alhaji, ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà, ṣùgbọ́n ẹnu ti mọ́ ọn lára. "Iṣẹ́ ńlá, Alhaji wa," ni ó wí, ó sì bá wọn wọ mọ́tò. Wọ́n fi í sí ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ará Èkó ti gba Àjọ lọ́wọ́ Alhaji. Bashir ló yọ ọ́ kúrò lórí Wásáàpù; iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Wọ́n fa pátákó lulẹ̀, obìnrin kan sì rà á, ó fi bo ilé adìyẹ. Alhaji ṣì ń na ìka sókè níbẹ̀. Adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Ilé wá dákẹ́. Ẹni tó bá ti sùn nílé tí ohùn kan ti kúrò níbẹ̀ mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Alhaji sùn sí apá ọ̀tún, kò rí oorun. Ó sún sí apá òsì, kò rí i. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó de fìlà mọ́ orí onídajì, ó sì lọ sí ilé Awóyẹmí láti lọ bẹ àwọn àna rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ti mú ìwà jù sílẹ̀ tán. Ó gbé fóònù rẹ̀ ka orí ògiri àgbàlá, ó tẹ láìfù, nítorí ó ti ń rò ó lọ́nà pé ẹ̀bẹ̀ tó bá gbajúmọ̀ lè dá orúkọ ẹni padà. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Adéoyè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni gbodo wà, iṣu tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sá, tí wọn yóò lọ̀ sí èlùbọ́. Ó kún gbogbo orí àpáta, oúnjẹ ilé náà ni títí di ìgbà iṣu tuntun. Wosilat jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wò ó.

"Ta ló dọ̀bálẹ̀ yẹn?" ni Bàbá Adéoyè bèèrè.

"Àna yín ni, Bàbá."

"Ọmọ ilé ibo?"

Alhaji wo fóònù orí ògiri, ó rí i pé àwọn èèyàn ń wò. "Bàbá, ní kúkúrú, a lè sọ pé..."

Atẹ́gùn tútù kan fẹ́. Alhaji gbé imú sókè. Láti apá Èsìẹ́, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ sì balẹ̀ lórí àpáta, tó! Àwọn àgbà ṣì ń wá ọ̀pá, àwọn obìnrin ṣì ń wá bàtà. Alhaji kò ronú. Ó ti dìde. Ó bọ́ agbádá, ó tẹ́ ẹ, ó ń fi apá méjèèjì gbá gbodo sínú rẹ̀, ó sáré wọlé, ó dà á sílẹ̀, ó tún sáré jáde. Fìlà rẹ̀ bọ́, kò mú un. Àpáta ti ń yọ̀, kò ṣubú. Ó ń sá, ó ń bọ̀, ìdajì orí rẹ̀ ń dán nínú òjò, títí kò fi ku ẹyọ gbodo kan níta.

Ẹnu Wosilat ṣí fúnra rẹ̀. Ó ti dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì gba inú òjò kọjá:

"Ọmọ asáfójò má ṣubú!
Ọmọ òjò ṣú, baba wọn ò jókòó!"

Alhaji dúró láàárín àgbàlá, ó ń mí gúlegúle, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. A kò ní bèèrè bóyá omi òjò nìkan ni.

"Èmi rèé o," ni ó dáhùn.

Bàbá Adéoyè gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Àna wa nìyẹn! Ẹni tí a fún lọ́mọ nìyẹn! Wosilat, mú un wọlé kí òtútù má pa á."

Wosilat fi ìborùn rẹ̀ nu orí náà fún un, apá tó nírun àti apá tí kò nírun. "Bàbá Hamidah," ni ó wí, "fóònù yín wà lórí ògiri."

"Kì mí lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Alhaji wí.

Níta, òjò ń ya lu fóònù náà, omi ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ṣì ń tàn, ó sì ń kọ ọ́ fún ògiri pé iṣẹ́ ńlá, Alhaji wa, iṣẹ́ ńlá, Alhaji wa, títí ojú rẹ̀ fi ṣú pátápátá. Nínú gbogbo ohun tó wà ní àgbàlá lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni kò sí ẹni tó sáré wá gbé.